Àpò Láfún

Lánàá, mo wọ kẹ̀kẹ́ ní Ìwó, obìnrin tó jókòó tì mí sì gbé àpò láfún lé itan. Bí òórùn kíkan rẹ̀ ṣe wọ imú mi, ṣe ni mo tún di ọmọdé tó jókòó sẹ́bàá ọ̀nà.

Ọ̀sán gangan ni. Èmi àti ìyá mi ń ti ọjà bọ̀. Ẹrù wa ju ohun tí ìyá mi lè rù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lọ, bẹ́ẹ̀ wọn kì í gun ọ̀kadà ẹnikẹ́ni mọ́ láti ìgbà tí bàbá mi ti gun ọ̀kadà ara wọn lọ sí ìrìn àjò. Wọ́n kọ́kọ́ ru agbọ̀n iṣu lọ sílé, wọ́n ní kí n máa ṣọ́ àpò láfún lábẹ́ igi dòńgóyárò.

"Má kúrò níbẹ̀ o!"

Eruku pupa bò mí lẹ́sẹ̀. Àpò náà gbóná bí ara èèyàn, mo bá fẹ̀yìn tì í. Bí ọ̀kadà bá dún lókèèrè, màá dìde. Bó bá kọjá, màá tún jókòó.

Nígbà tí ìyá mi padà dé, aṣọ wọn ti rin gbingbin fún òógùn.

Mo ní, "Ìyá mi, ẹ jẹ́ ká fi eléyìí sílẹ̀."

"Ká fi sílẹ̀ kẹ̀? Kí ni bàbá ẹ máa jẹ tí wọ́n bá dé?"

Ìgbà tí mo dàgbà ni mo tó mọ̀ pé ìyá mi ti gbọ́, ṣáájú ọjọ́ náà, pé bàbá mi ò ní padà.

Nílé, wọ́n gbé àpò náà ti àpò méjì tá a ti rà tẹ́lẹ̀, tí kòkòrò ti wọ̀. Èmi àti ìyá mi kì í jẹ láfún.