Ìyàwó Wa Tí Kò Pe Orúkọ Mi Ju Ẹ̀ẹ̀kan Lọ

Morẹ́nikẹ́ o! Ìyàwó wa o! O lọ lóòótọ́! Ó wá dìgbà o, ó dìgbà tí a bá tún fojú kan ara wa níbi tí wọn kì í ti í béèrè ìwé-ẹ̀rí lọ́wọ́ dókítà.

Àwọn ọmọ rẹ tí wọ́n ń ṣètò ìwé ìsìnkú yìí bẹ̀ mí pé kí n fi “ẹ” bá ọ sọ̀rọ̀, nítorí pé dókítà ńlá ni ọ́, àwọn èèyàn pàtàkì ni yóò sì kà á. Mo ní n ò gbọ́. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ni ọ́. Inú ilé ni mo wà tí o fi bá mi, bí o tilẹ̀ jù mí lọ lọ́jọ́ orí. Ìwọ fúnra rẹ ni ìbá kọ́kọ́ bínú bí mo bá ṣe bẹ́ẹ̀, torí kò sí ìyàwó tí ó mọ àṣà ilé ọkọ tó ọ ní gbogbo agbo ilé Lasunwon wa ní Ìkòròdú. Díẹ̀ ló sì kù kí mímọ̀ yẹn gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ.

Kí ẹni tí kò mọ ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ lè bá wa lọ, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́. Ní àwọn ọdún 1950, nígbà tí òyìnbó ṣì ń ṣèjọba lé wa lórí, ẹ̀gbọ́n mi Olúṣẹ̀san lọ kọ́ṣẹ́ sọ̀fíyọ̀ tí ń wọn ilẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì mú ìyàwó bọ̀. A ti gbọ́ pé òyìnbó ni. A kò gbọ́ pé dókítà ni. Ọjọ́ tí ọkọ̀ ojú omi gbé yín dé Èbúté Ìkòròdú, gbogbo ilé wa ló wá pàdé yín, onígbàgbọ́ àti mùsùlùmí. Bí ìyá mi ṣe rí ọ báyìí, ó ní ara rẹ ti rẹ̀, ó gba báàgì lọ́wọ́ rẹ, ó sì sọ ọ́ ní Morẹ́nikẹ́. Kò tún bi ọ́ léèrè orúkọ mìíràn mọ́ títí ó fi wọ káà ilẹ̀ lọ.

Jámánì ni o ti kọ́ ìṣègùn. O ti tọ́jú èèyàn níbẹ̀ nígbà ogun, kí o tó wá sí Lọ́ńdọ̀nù tí wọn kò ti jẹ́ kí o ṣe ju kí o máa tẹ́ bẹ́ẹ̀dì aláìsàn. O rò pé bí o bá dé Ìkòròdú, ọ̀rọ̀ á yí padà. Ìjọba ní Èkó dá ọ lóhùn pé ìwé-ẹ̀rí Jámánì kì í ṣe ìwé-ẹ̀rí Gẹ̀ẹ́sì. O kò gbọdọ̀ fún ẹnikẹ́ni lóògùn, o kò gbọdọ̀ gún ẹnikẹ́ni lábẹ́rẹ́, àfi bí dókítà ìjọba kan bá wo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ tí ó sì jẹ́rìí pé o yẹ. Àyè irú rẹ̀ kò sì tíì sí. Wọ́n ní kí o ṣì máa dúró.

O sì dúró. O mú rọ́bà tí ẹ̀yin dókítà fi ń gbọ́ àyà, o fi kọ́ sórí ìṣó ní pálọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán bàbá wa. Mo bi ọ́ pé kí ló dé tí o kò kó o sínú àpótí. O ní bí ó bá wọ àpótí, o lè gbàgbé pé o ní i.

Àwọn ìyá ọlọ́mọ kò mọ̀ pé òfin ń bẹ. Wọ́n ń gbé ọmọ wá. Ìwọ á wo ọmọ náà, á hàn lójú rẹ pé o mọ ohun tí ń ṣe é, o ó wá ní, “Òfin ò tíì gbà fún mi o, ẹ má bínú.” O ó wá gbé ọmọ náà pọ̀n, bí mo ṣe kọ́ ọ, o ó bá ìyá rẹ̀ rìn dé ilé oògùn ìjọba, o ó sì jókòó tì wọ́n lórí bẹ́ǹṣì títí wọn á fi dá wọn lóhùn. Síbẹ̀, ẹnu ò dákẹ́. Wọ́n ní irú dókítà wo ni èyí tí kò lè fúnni ní kóró oògùn kan? Wọ́n ní bóyá agbálẹ̀ ilé ìwòsàn ni Olúṣẹ̀san lọ fẹ́ wá. Ó dùn mí wọra. Ó dùn ọ́ jù mí lọ, torí mo máa ń rí ọ níbi tí o ti ń nu eruku ara rọ́bà yẹn, tí omi yóò lé ròrò sí ọ lójú.

Nígbà tí kò sí iṣẹ́, o fi gbogbo ọpọlọ dókítà yẹn kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe ìyàwó ilé. Ìyá mi sọ fún ọ pé ìyàwó kì í pe orúkọ ará ilé ọkọ, ìbáà jẹ́ ọmọ tí ń rákò, bí wọ́n bá ti bí i kí ìyàwó tó wọlé. Ó ní kí o máa fún wọn lórúkọ tí yóò wù wọ́n. O gbá ọ̀rọ̀ náà mú bí ìgbà tí ọ̀gá ilé ìwòsàn bá pàṣẹ. Àbúrò wa tí kò tíì mọ A yàtọ̀ sí B ni o pè ní Akọ̀wé. Ẹ̀gbọ́n bàbá wa obìnrin, tí ó máa ń fi ẹ̀gbẹ́ kan wọ ẹnu ọ̀nà, ni o pè ní Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, inú ìyá náà sì dùn débi pé kò dá ẹni tó bá pe orúkọ rẹ̀ gan-an lóhùn mọ́. Èmi ni o pè ní Eyínfúnjowó. Bí ẹni tí iṣu gbígbóná wà lẹ́nu rẹ̀ ni o ṣe ń pè é, ó sì dùn mọ́ mi. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni nínú wa kò rántí sọ ibi tí àṣà yẹn parí sí fún ọ.

Lọ́jọ́ kan, àyè yọ. Wọ́n ní kí o lọ sí ilé ìwòsàn kan ní Ẹ̀pẹ́, lábẹ́ òyìnbó dókítà àgbà kan tí yóò máa wo ọwọ́ rẹ. Bí ó bá kọ̀wé sí Èkó pé o yẹ, o di dókítà nílẹ̀ wa. Bí ó bá ní o kò yẹ, ó parí nìyẹn. Èmi ti lọ sílé ọkọ ní Ẹ̀pẹ́ nígbà náà, mo ń yan ẹja, mo ń tà á ní Ọjà Olúwo. Ìwọ bá jókòó, o ro ó jinlẹ̀: èmi ni ọkọ rẹ, ará Ẹ̀pẹ́ sì ni ọkọ tèmi, nítorí náà gbogbo Ẹ̀pẹ́ jẹ́ ilé ọkọ ọkọ rẹ! O ń kọ orúkọ wọn sínú ìwé, ṣùgbọ́n kò sí aláìsàn kan tí o ń fi ẹnu pe orúkọ rẹ̀. Àwọn obìnrin ọjà tí wọ́n ti ń sá fún abẹ́rẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í wá fúnra wọn, kí wọ́n lè gbọ́ orúkọ tí òyìnbó á sọ wọ́n.

Ní àkókò yẹn ni mo bímọ, tí ibà dá mi dùbúlẹ̀ sí ilé ìwòsàn náà. Ìyá mi wá láti Ìkòròdú, ó jókòó ti bẹ́ẹ̀dì mi. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, dókítà àgbà wọlé láti wo àwọn aláìsàn pẹ̀lú rẹ. Ó na ọwọ́ sí bẹ́ẹ̀dì àkọ́kọ́, ó ní ta nìyí? O ní Ìbàdíàrán. Ó wo pátákó ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, Rábíátù ló rí. Ó na ọwọ́ sí ìkejì. O ní Arẹwà. Pátákó ní Mọ́ríámọ̀. Nígbà tí ó dé ọ̀dọ̀ ẹnì kan tí o pè ní Olówó Orí Ẹja, ojú ọkùnrin náà ti pọ́n bí ata. Ó ní dókítà tí kò mọ orúkọ aláìsàn yóò fi abẹ́rẹ́ ẹni tí ẹsẹ̀ ń dùn gún ẹni tí ẹnu ń dùn lọ́jọ́ kan. Ó ní òun kò lè fọwọ́ sí i. N kò lè sọ pé ìkà ni. Ẹ̀mí àwọn aláìsàn ló ń rò.

Ìwọ kàn yíjú sí ìyá mi. Mo mọ̀ pé o mọ orúkọ gbogbo wa. Mo mọ̀ pé o kò ní pè é lójú ìyá ọkọ rẹ.

Ìyá mi ní kí n sọ ohun tí òyìnbó wí fún òun. Mo sọ ọ́. Ó dìde, ó so gèlè rẹ̀ le, ó sì sọ ọ̀rọ̀ tí n kò gbàgbé títí dòní: “Morẹ́nikẹ́, nílé mi, ìyàwó ni ọ́. Níbí, dókítà ni ọ́, ọwọ́ rẹ ni ẹ̀mí ọmọ mi wà. Mo yọ̀ǹda orúkọ wa fún ọ. Pè wá o jàre, kí ọkùnrin yìí gbọ́.”

O kúnlẹ̀ nínú aṣọ funfun rẹ láti tọrọ gáfárà lọ́wọ́ gbogbo yàrá náà. Lẹ́yìn náà o dìde, o bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà. Rábíátù, ọgbẹ́ ẹsẹ̀, oògùn báyìí. Mọ́ríámọ̀, òtútù àyà, oògùn báyìí. O ń pè wá láti bẹ́ẹ̀dì dé bẹ́ẹ̀dì, oníkálukú ń jẹ́ ọ, dókítà àgbà sì ń wo pátákó, kò rí àṣìṣe kan. Nígbà tí o dé ọ̀dọ̀ mi, o di ọwọ́ mi mú. O ní, “Ṣìdíkátù.” Omi bọ́ lójú mi. Mo ní, “Mo wà níbí, Dókítà.” Èmi náà kò pè ọ́ bẹ́ẹ̀ rí.

Òyìnbó náà ní kí wọ́n túmọ̀ àṣà náà fún òun. Nígbà tí ó yé e, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi yọ gíláàsì ojú rẹ̀. Ó kọ̀wé rere sí Èkó. Ọjọ́ tí àṣẹ dé, ìyá mi fúnra rẹ̀ ló yọ rọ́bà kúrò lórí ìṣó tí ó fi kọ́ ọ lọ́rùn. Àwọn tí wọ́n pè ọ́ ní agbálẹ̀ ló kọ́kọ́ tò sẹ́nu ọ̀nà, o sì tọ́jú wọn láìfajúro.

O kò yọ ìṣó náà. Lẹ́yìn òmìnira, nígbà tí àwọn ọmọ wa tí wọ́n kọ́ ìṣègùn ní Rọ́ṣíà àti Bọ̀lìgéríà ń bọ̀ tí wọ́n ń dúró de ìdánwò, ilé rẹ ni wọ́n ń dé sí. Ìwọ á gba rọ́bà ọwọ́ wọn, o ó fi kọ́ síbẹ̀, o ó ní, “Ẹ máa wò ó lójoojúmọ́. Ẹ ó mú un.” Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí kò padà wá mú un. Díẹ̀ nínú wọn ló gbé pósí rẹ lónìí. Àdùkẹ́ ọmọ-ọmọ rẹ náà wà ní Kánádà báyìí, òun náà ń dúró de ìyọ̀ǹda. Ó sọ fún mi lórí fóònù pé òun ti kan ìṣó tòun mọ́ ògiri. Mo ní kó fọkàn balẹ̀.

Ìyàwó wa, láti ọjọ́ Ẹ̀pẹ́ yẹn, o kò pe Ṣìdíkátù mọ́. Bí o ṣe ń jáde nínú yàrá náà ni o ti padà sí Eyínfúnjowó. Eyín iwájú mi ti lọ tán báyìí, o sì ṣì ń pè mí bẹ́ẹ̀ títí di ọ̀sẹ̀ tí o sùn. Ta ni yóò máa pè é fún mi? Ó ń dùn mí, n kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé èmi náà ń bọ̀. Bí mo bá dé ẹnu ọ̀nà yín lọ́hùn-ún, má ṣe pe Ṣìdíkátù o, n ò ní dá ọ lóhùn.

Sùn re o, Morẹ́nikẹ́, ìyàwó mi. Sùn re o, Dókítà.