Bàbá Ń Lu Agolo Nínú Oko Tí A Ò Gbìn

Ẹ̀rù bà mí lónìí, mi ò ní purọ́.

Mo yà sí oko ìrẹsì ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní Ìsúndúnrin. Wọ́n jókòó, wọ́n ń lu agolo bí ẹni ń lé ẹyẹ. Bẹ́ẹ̀ igbó ló kún oko! Owó ìrànwọ́ tí ìjọba ṣèlérí ò dé, wọn ò rí irúgbìn rà.

Nínú rédíò wọn, ẹgbẹ́ òṣèlú kan ń sọ pé Àbújá ló jẹ̀bi. Èkejì ń sọ pé Òṣogbo ni.

"Bàbá, ẹyẹ wo lẹ ń lé?"

"Ariwo àwọn wọ̀nyí ni mò ń fi agolo bò."

"Ẹ ṣáà pa rédíò náà."

"Tí wọ́n bá wá ní owó ti jáde ńkọ́?"

Mo ti délé l'Éjìgbò, agolo yẹn ò kúrò létí mi.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní àgbẹ̀ nílé, kí ni tiyín ń lù?