Wáyà Tí Mo Fi Ìwàǹwára Fà

Ìyá mi a máa sọ fún mi pé ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Èmi a dá a lóhùn pé wàràwàrà là ń yọ oko iná. Bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ tó ń fẹ́ sùúrù ni mo lọ gbà ní yunifásítì.

Iṣẹ́ ọ̀hún ni kí kọ̀ǹpútà máa sọ ìgbà tí wáyà tín-ín-rín tí a ń lọ́ yóò ká kò, tí yóò ta ojóbó. Kọ̀ǹpútà ní ó di ìlọ́ kẹsàn-án. Wáyà tí mo so mọ́ àga méjì nínú yàrá mi ní Àgbowó ń ta ojóbó ní ìlọ́ kẹfà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ń rìn kiri yàrá, oúnjẹ ò wù mí jẹ. Ọ̀gá tó ń tọ́ mi sọ́nà ti ní bí méjèèjì ò bá bára mu kó tó di ọjọ́ Ẹtì, kí n wá iṣẹ́ mìíràn ṣe.

Ní Ọjọ́bọ̀, mo dín nọ́ńbà kan kù nínú kọ̀ǹpútà, èyí tó ń sọ bí wáyà ṣe le tó, títí kọ̀ǹpútà náà fi sọ mẹ́fà. Ojú tì mí, ṣùgbọ́n mo fi ránṣẹ́. Ọ̀gá mi fèsì pé mo káre.

Ní Sátidé, oníṣẹ́ iná wá ṣe iná ilé wa. Mo ní kí n ràn án lọ́wọ́, mo bá ń fa wáyà jáde nínú róòlù.

"Àǹtí, ẹ má fà á báyẹn! Ẹ yí róòlù yẹn, kó máa tú fúnra ẹ̀. Ìká kọ̀ọ̀kan tẹ́ ẹ bá fà, ìlọ́ kan ló ń wọnú wáyà yẹn."

Bí mo ṣe fa wáyà iṣẹ́ tèmi náà jáde nínú róòlù nìyẹn. Mo sáré wọ yàrá, mo tún wáyà mi ká sára ìyókù róòlù rẹ̀: ìká mẹ́ta géérégé. Mẹ́fà tí mo lọ́, mẹ́ta tó ti wà níbẹ̀, ó di mẹ́sàn-án. Kọ̀ǹpútà ò parọ́ rárá, èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi ba òótọ́ jẹ́.

Mo pe ọ̀gá mi kí ẹ̀rù tó dá mi dúró.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, iṣẹ́ tí mo fi ránṣẹ́ yẹn, mo yí nọ́ńbà kan níbẹ̀ ni."

Wọ́n wá ní kí n mú ti àkọ́kọ́ wá lọ́jọ́ Ajé. Mo mú un lọ pẹ̀lú àlàyé ìká mẹ́ta náà, wọ́n sì gbà á. Àmọ́ láti ọjọ́ náà, kò sí nọ́ńbà kan tí mo gbé síwájú wọn tí wọn kì í kọ́kọ́ tún ṣírò fúnra wọn.