Eyín Àkurákudà àti Ilé Bàbá Àjàní

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ mi obìnrin tó ń gbé ní ìlú Bowie yà sọ́dọ̀ mi ní ìlú Clinton, ní Amẹ́ríkà níbí, nírọ̀lẹ́ Sátidé, ó sì gbé tíṣù rírún kan sórí tábìlì ìdáná mi. Kí n tó tú u ni òórùn rẹ̀ ti gba imú mi: iyọ̀, ẹrẹ̀, àti ewé tó ti jẹrà sínú omi. Ó ti tó ọgbọ̀n ọdún tí mo ti mọ òórùn yẹn, n kò sì fojú kan ibi tó ti ń wá rí. Eyín dúdú kékeré kan ló wà nínú tíṣù náà, eyín àkurákudà, ẹja ńlá inú òkun tí ẹnu rẹ̀ kún fún ayùn. Òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ jí lọ sétí omi láàárọ̀, wọ́n sì débẹ̀. Ó yẹ kí inú mi dùn. Ṣùgbọ́n ohun tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu mi ni pé, "O gba ẹ̀gbẹ́ ilé mi kọjá láàárọ̀, o ò yà kí mi?"

"Mọ́mì, we were late already," ó dáhùn. "Tó bá ti di aago mẹ́wàá, páàkì etí omi yẹn á ti kún."

Ó dà bí ẹni pé wọ́n gbá mi létí. Ẹ̀yin tí fóònù ń júwe ọ̀nà fún, ẹ jókòó kí n sọ ìdí rẹ̀ fún yín.

Ní àárín àwọn ọdún 1990, Suitland ni a ń gbé, nínú fúláàtì kan tí ooru rẹ̀ kò láàánú. Orí wa lókè ni Ṣadé, ọ̀rẹ́ mi, àti àwọn òbí rẹ̀ ń gbé. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni àwa méjèèjì. Kí ilé ìwé tó gba ìsinmi, tíṣà wa mú eyín kan wá sí kíláàsì, ó dúdú bí èédú. Ó ní inú òkè amọ̀ kan létí omi Chesapeake ló ti wà láti ayébáyé. Bí ìgbì bá ti ń họ òkè náà, eyín á máa bọ́ sínú iyanrìn, ẹni tó bá rí i ló ni ín. Ọjọ́ náà ni èmi àti Ṣadé bára wa mulẹ̀ pé a ó wá tiwa, n ó fún un ní tèmi, òun náà á fún mi ní tirẹ̀. Àwọn òbí rẹ̀ ń kó padà sí Ìbàdàn níparí oṣù kẹjọ, a ò sì ní ohun mìíràn tí a ó fi máa rántí ara wa.

Dádì mi gbà láti gbé wa lọ, ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀nà tó yá wà láti Suitland débẹ̀. Dádì kì í gbà á. Route 5 ni wọ́n máa ń gbà, nítorí Clinton ni Bàbá Àjàní ń gbé, Bàbá Àjàní tí wọ́n gba Dádì sílé nígbà tí Dádì kọ́kọ́ dé Amẹ́ríkà, tí wọ́n fún wọn ní bẹ́ẹ̀dì àti oúnjẹ fún ọdún kan gbáko. "Kí n lọ sápá ibẹ̀ yẹn kí n má kí Bàbá? Tí wọ́n bá gbọ́ ńkọ́?" ni Dádì máa ń wí, àfi bí ẹni pé ẹyẹ etí omi ló máa lọ rojọ́.

Ìkíni ọ̀hún kì í tán bọ̀rọ̀. Dádì á dọ̀bálẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì, àwa obìnrin á kúnlẹ̀. Bàbá á wá máa béèrè àwọn ará ilé lọ́kọ̀ọ̀kan: bàbá Dádì tó wà l'Ọ́yọ̀ọ́, ẹ̀gbọ́n tí ìtọ̀ ṣúgà ń yọ lẹ́nu, ilé tí wọ́n ń kọ́ tí kò tíì ní òrùlé. Lẹ́yìn náà ni bisikíìtì, lẹ́yìn bisikíìtì ni àdúrà. Bàbá á gbàdúrà fún ìrìnàjò wa títí ìrìnàjò náà á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bàjẹ́.

Nígbà tí a dé páàkì etí omi náà ní Sátidé àkọ́kọ́, ọkùnrin kan ti dúró lẹ́nu géètì, ó ní kò sí àyè mọ́, kí a yí mọ́tò padà. Ẹ̀gbẹ́ ilé epo kan la ti jẹ ìrẹsì tí Mọ́mì dì sínú kúlà. Mọ́mì ní, "Omi ló dànù, agbè ò fọ́." Inú ń bí mi débi pé n kò mọ adùn ẹran.

Ní Sátidé kejì, bí Dádì ti ń ròyìn ìrìnàjò àkọ́kọ́, Bàbá Àjàní kọjú sí mi. Wọ́n ní, "Báwo ni eyín náà ṣe tóbi tó?" Ojú mi wà lára aago ògiri. Mo na ìka kékeré mi sí wọn, mo fi èékánná rẹ̀ hàn wọ́n. Bàbá di ìka náà mú, wọ́n wò ó pẹ́, wọ́n mi orí.

Lọ́jọ́ náà, a ráyè wọlé. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń rin inú igbó kí wọ́n tó kan omi, ìrìn náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí kan. Mọ́mì wọ bàtà ṣọ́ọ̀ṣì, Dádì gbé kúlà lé èjìká. A kọjá àbàtà kan tí ìjàpá ń yá oòrùn lórí igi wíwó, òórùn omi iyọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kàn wá, Ṣadé di ọwọ́ mi mú. Àfi bí ejò dúdú kan ṣe nà gbalaja sójú ọ̀nà. Kò fẹ́ nǹkan kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Dádì ní, "Mi ò kúrò l'Ọ́yọ̀ọ́ kí ejò Amẹ́ríkà lè bù mí jẹ," bí a ṣe yí padà nìyẹn.

Sátidé kẹta ló kù, torí Ọjọ́rú tó tẹ̀ lé e ni Ṣadé ń wọ bàálù. Mo bẹ Dádì kí a gba ọ̀nà kejì. Wọ́n ní ẹnu ọ̀nà lásán ni àwọn ó ti kí Bàbá. Nígbà tí a dé Clinton, tí gbogbo wọn sọ̀kalẹ̀, mo ní n kò sọ̀ ní tèmi. Mo ti ilẹ̀kùn mọ́tò mọ́ra. Bàbá Àjàní yọjú síta, wọ́n rí mi, wọ́n sì juwọ́ sí mi. Mo gbé ojú mi sí ẹ̀gbẹ́ kejì.

Dádì rí i. Wọ́n padà sínú mọ́tò, Mọ́mì tẹ̀ lé wọn, Ṣadé sì wọlé tòun ti ajọ̀ méjì lọ́wọ́, férémù onígi tí wọ́n kan wáyà mọ́ nídìí. Ó sọ fún mi kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé Bàbá ló kàn án fún wa, ká fi jọ iyanrìn. Nígbà tí a dé títì ńlá, Dádì yí mọ́tò sọ́nà ilé. Wọ́n ní, "Ẹni tí kò lè kí Bàbá Àjàní, kò ní nǹkan tó ń wá létí omi." Ṣadé sunkún títí a fi dé Suitland. Èmi ni mo ṣẹ̀, òun ni ìyà jẹ. Ó fún mi ní ajọ̀ kan lórí àtẹ̀gùn, ó lọ ní Ọjọ́rú, mo sì kọ lẹ́tà méjì tí kò ní èsì. Bàbá Àjàní kú nígbà tí mo wà ní yunifásítì. N kò lọ tọrọ àforíjì. Mo ń bínú sí wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ara mi ni mo ń bínú sí.

Route 5 ti fẹ̀ sí i báyìí, àwọn ọmọ sì ti mọ bí a ti ń débi tí a ń lọ lásìkò. Mo dúpẹ́ fún wọn, ó sì ń dùn mí. Èmi náà ti di ará Clinton tó ń ká kọ́tìnnì láàárọ̀ Sátidé, tó ń wò bóyá ẹnì kan á yà.

Nígbà tí ọmọ mi lọ tán, mo wọ gáréèjì, mo wá ajọ̀ náà jáde nínú páálí. Wáyà rẹ̀ ti dógùn-ún, iyanrìn kankan kò kàn án rí. Mo fi eyín náà sínú rẹ̀. Kò ju èékánná ìka kékeré lọ. Mo jọ̀ ọ́ síhìn-ín, mo jọ̀ ọ́ sọ́hùn-ún, kò bọ́ sílẹ̀. Ìka mi ni Bàbá Àjàní fi wọn ihò rẹ̀.