Kò Síná Nílé Wa

Àwọn ọmọ ta báńgà lójúde lánàá, òórùn ẹ̀tù wọlé bá mi, bàbá mi sì sọ sí mi lọ́kàn. Kọ ọ́ sílẹ̀, ọmọ mi.

Òfìfo kátíríìjì ìbọn tí àwọn ọdẹ ti yìn ni bàbá mi máa ń rọ ẹ̀tù padà sí. N'Ísàlẹ̀ Èkó, ó ní yàrá fún un lẹ́yìn agboolé. Nígbà tí a kó lọ sí Ọbáléńdé, yàrá kan ṣoṣo la ní, ààrò sì wà lẹ́nu ọ̀nà. Lẹ́yìn ìrun Àìlà, tí ìyá mi bá wà lọ́jà Òkè Àrin tí ààrò ti tutù, ló tó ń ráyè. Èmi ló máa ń fi ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, á ní:

"Ẹni bá wá fọnná, ní kò síná. Ẹ̀tù ò mọ ojú onílé."

N'Ísàlẹ̀ Èkó, àwa ọmọ pọ̀ bí eṣú. Níbí, mi ò mọ ẹnì kankan. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo jókòó, mò ń gbọ́ kó-kó-kó igi tí bàbá mi fi ń ki ẹ̀tù, ni ọmọbìnrin ilé òdìkejì dé pẹ̀lú àpáàdì.

"Mo wá fọnná."

"Kò síná nílé wa."

"Ẹ̀yin kì í jẹun ni?" Ó rẹ́rìn-ín. Afọnná kì í dúró pẹ́, ṣùgbọ́n eléyìí ò lọ. "Kí lorúkọ ẹ?"

Bàbá mi wúkọ́ nínú ilé.

"Mo ní kò síná! Máa lọ!"

Ó lọ, kò sì padà wá mọ́.

"O ṣeun, ṣọ́jà mi." Bàbá mi fi ọwọ́ tó dúdú fún ẹ̀tù pa mí lórí.

Mo ti bímọ kí n tó ronú kan èéfín ààrò ilé ọmọbìnrin yẹn, tó ń rú lẹ́yìn rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tó fi dúró tì mí.