Èèrà Abẹ́ Ewé àti Ìgò Sódabì Kan

Ọdún tí agolo tòmátì kékeré kúrò ní ọgọ́ta fráǹkì tó di àádọ́fà láàárín ọ̀sẹ̀ kan, mo rẹ́rìn-ín títí ìhà fi ń dùn mí. Wọ́n ní àwọn ọ̀gá jókòó síbì kan, wọ́n gé owó séfà tí à ń ná sí méjì. Ìṣèlú tuntun ti dé nígbà náà, ẹnu ti gba òmìnira, a lè bú ẹnikẹ́ni tó bá wù wá, àmọ́ ebi ò jẹ́ kí ohùn jáde. Sódabì, ògógóró tiwa, ni mò ń tà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdó ọkọ̀ ojú irin ní Tchaourou. Mo bi ara mi pé, bí wọ́n bá lè gé owó sí méjì lórí tábìlì, ta ni yóò ní kí n má bu omi díẹ̀ sí ọtí? Apá méjì ọtí, apá kan omi: ìyẹn ló wà nínú kẹ́ẹ̀gì ńlá tí à ń pè ní bídọ́ọ̀nù. Ògidì wà nínú ìgò kan lábẹ́ tábìlì, fún àwọn aláfojúdi tó bá fẹ́ dán an wò kí wọ́n tó rà.

Mo ní àbúrò ọkùnrin kan, ọmọ ìyá mi. Ó ti lé lógójì ọdún, ó ní ìyàwó àti ọmọ mẹ́rin. Ogún ọdún ló fi bá ìjọba gbin igi tíìkì. Nígbà tí wọ́n ní owó ò sí mọ́, wọ́n fún un ní ìwé ìdúpẹ́ kan, wọ́n ní kó máa lọ. Ó fi ọ̀rá wé ìwé náà bí ẹni wé owó.

"Ẹ̀gbọ́n, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ mi," ló ń wí.

Mo ní kó gbé e fún ìyàwó rẹ̀ kó sè é.

Òjò ti ń rọ̀ dáadáa nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ kan dé láti yunifásítì Kútọnu, ọ̀dọ́kùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ tó wọ awò ojú. Ó ń wá ẹni tó mọ inú igbó, wọ́n sì fi àbúrò mi hàn án. A rò pé wúrà ló ń wá. Èèrà ni.

"Èèrà?" ni mo wí. "Ilé mi kún fún un. Wá kó o lọ́fẹ̀ẹ́, màá tún fún ẹ lóúnjẹ."

"Kì í ṣe ti ilé, tata. Èyí tí mò ń wá kì í jẹ ṣúgà. Abẹ́ ewé tó ń jẹrà ló ń gbé." Tata ni wọ́n ń pe àǹtí ní Kútọnu.

Mo bá wọn lọ lọ́jọ́ kan kí n lè fojú ara mi rí i. Igbó kan ni lẹ́bàá odò, lẹ́yìn abúlé Sanson, níbi tí oòrùn kì í ti í kan ilẹ̀. Àwọn méjèèjì kúnlẹ̀, wọ́n kó ewé jíjẹrà sínú asẹ́, wọ́n ń jọ̀ ọ́ sórí aṣọ funfun bí ẹni ń jọ gàrí. Àbúrò mi fi ṣóńṣó koríko tọ́ka sí ìdọ̀tí kan: "Òun rè é." Mi ò rí nǹkan kan. Ìgbà tí ìdọ̀tí náà gbé ẹsẹ̀ ni mo tó gbà. Kò tó ìdajì kóró ọkà bàbà. Bí wọ́n bá fọwọ́ kàn án, yóò dùbúlẹ̀ bí òkú títí wọ́n á fi gbójú kúrò.

Akẹ́kọ̀ọ́ fún mi ní dígí rẹ̀ tó ń sọ nǹkan di ńlá. "Tata, ẹ sọ ohun tí ẹ rí fún mi."

Láti kékeré ni mo ti ń yẹ ọjà wò. Kò sẹ́ni tó lè ta èkúté fún mi lórúkọ ọ̀yà. Mo ní: "Àwọ̀ rẹ̀ dà bíi gàrí tí wọ́n yan jù. Orí rẹ̀ fẹ̀ lẹ́yìn, ó tín-ín-rín níwájú. Ojú rẹ̀ kéré, ká kúkú ní kò ní. Ẹnu rẹ̀ gùn, ó là á sílẹ̀ bíi pańpẹ́ tí wọ́n dẹ. Nǹkan kan wà ní ìbàdí rẹ̀ bíi kànìnkànìn tó ní ọṣẹ. Irun orí rẹ̀ ò pọ̀, ṣóńṣó rẹ̀ rí bíi síbí. Kò rẹwà."

Ó ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní pańpẹ́ gan-an ni ẹnu náà, òun ló fi ń mú àwọn kòkòrò tíntìntín tó ń fò lábẹ́ ewé. Ó ṣí ìwé alàwòrán kan, ó ka irun orí èèrà wa, ó ka ti inú ìwé. Iye wọn ò bára mu. Ó tún un kà. Ó jọ pé kò sẹ́ni tó tíì kọ̀wé nípa irú èyí rí.

Ó wá ṣàlàyé fún àbúrò mi. Yóò kó àwọn èèrà náà lọ fáwọn olùkọ́ rẹ̀ ní Kútọnu, ní odindi, kí wọ́n lè rí irun àti kànìnkànìn náà fúnra wọn. Bí wọ́n bá gbà, owó yóò jáde fún ọdún mẹ́ta, àbúrò mi ni yóò sì máa ṣọ́ igbó yẹn, ẹgbàá mẹ́wàá fráǹkì lóṣooṣù.

"Orúkọ ìlú yín ni màá sọ èèrà náà," ni akẹ́kọ̀ọ́ wí.

"Kí wọ́n má ṣáà gbowó orí lọ́wọ́ rẹ̀," ni mo dáhùn. Àbúrò mi rẹ́rìn-ín. Mi ò tíì rí eyín rẹ̀ láti ọjọ́ ìwé ìdúpẹ́.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fi ṣa èèrà. Nígbà tó kù díẹ̀ kí akẹ́kọ̀ọ́ wọ ọkọ̀ ojú irin, ó ṣubú lórí alùpùpù, ìgò sípíríìtì òyìnbó tó fi ń tọ́jú wọn sì fọ́. Òun àti àbúrò mi wá sí ìsọ̀ mi.

"Tata, ṣé sódabì yín le? Bí omi bá wà nínú rẹ̀, àwọn èèrà yìí á jẹrà."

"Omi? Ọkùnrin tó mu gíláàsì kan nínú rẹ̀ lánàá, ògiri ló ń bi léèrè ọ̀nà ilé."

Mo da díẹ̀ sínú àwo láti inú ìgò abẹ́ tábìlì, mo ṣáná sí i, ó jó. Inú akẹ́kọ̀ọ́ dùn. Mo wá gba ìgò òfìfo tó mú dání, mo sì yíjú sí bídọ́ọ̀nù.

Àbúrò mi họ ọrùn. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí n bá yín bù ú lábẹ́ tábìlì."

"Ṣé ìwọ lò ń tajà ni?"

Ó sún sẹ́yìn. Nílé wa, àbúrò kì í já ẹ̀gbọ́n nírọ́ lójú àlejò. Mo rọ ọ́ kún, àbúrò mi sì pín in sínú àwọn ìgò kéékèèké tí èèrà wà nínú wọn. Èèrà tó ti kú, kí ló fẹ́ mọ̀ nípa ọtí?

Àbúrò mi dúró de ìdáhùn oṣù mẹ́ta. Ó ra asẹ́ tuntun. Gbogbo ọkọ̀ ojú irin tó bá dé, yóò yọjú.

Nígbà ọyẹ́ ni akẹ́kọ̀ọ́ padà. Ó to ìgò kéékèèké sórí tábìlì mi. Omi inú wọn ti dà bíi ògì. Orí wà lọ́tọ̀, ẹsẹ̀ wà lọ́tọ̀, kò sí irun, kò sí kànìnkànìn. Àwọn olùkọ́ ní kó kó òmíràn wá. Wọ́n lọ sẹ́yìn Sanson. Àwọn kan ti sun igbó náà láti fi dáko iṣu. Òmìnira ti dé, igbó ti di ti gbogbo ayé. Ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n fi jọ eérú. Tanpẹ́pẹ́ nìkan ni wọ́n rí.

Akẹ́kọ̀ọ́ jókòó níwájú mi, ètè rẹ̀ ti là. "Tata, ẹ jọ̀ọ́, ṣé omi wà nínú ọtí yẹn?"

Mo fi aṣọ nu bídọ́ọ̀nù tí kò dọ̀tí.

"Èmi ni," ni àbúrò mi wí. "Mi ò dé àwọn ìgò náà dáadáa. Òjò ló wọ̀ wọ́n."

Akẹ́kọ̀ọ́ yíjú sí i bí ẹni ń bá bàbá rẹ̀ sọ̀rọ̀. "Tonton, mo ti sọ fún wọn pé ẹ máa ń ṣọ́ra." Ó kó àwọn ìgò rẹ̀, ó lọ.

Mo bi àbúrò mi pé kí ló dé. Ó ní: "Ẹ̀yin ṣì ní oníbàárà nílùú yìí."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gba ọ̀nà Kika lọ gbé epo bẹntiróòlù ní Nàìjíríà. Nígbà tí odò ààlà kún, ọkọ̀ ojú omi dojú dé pẹ̀lú òun àti àwọn bídọ́ọ̀nù rẹ̀. Ọjọ́ kẹta ni wọ́n tó rí òkú rẹ̀. Ògidì ni mo gbé fún àwọn tó gbẹ́ ilẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ní òun ò mọ̀ pé ọtí mi lè dùn tó báyìí. Mo rẹ́rìn-ín, kí ni ǹ bá tún ṣe?

Mi ò kàwé púpọ̀, àmọ́ mo mọ ìṣirò. Ìgò akẹ́kọ̀ọ́ gba lítà kan àbọ̀. Ìdajì lítà nínú rẹ̀ jẹ́ omi kànga, ọ̀fẹ́ ni mo pọn ọ́n. Irínwó fráǹkì ó lé àádọ́ta ni mò ń ta lítà kan. Èrè tí mo jẹ lórí omi náà jẹ́ igba fráǹkì ó lé márùn-ún-dín-lọ́gbọ̀n.