Obìnrin Japan Tí Mo Tún Gẹ̀ẹ́sì Rẹ̀ Ṣe

Nígbà tí mo wà ní kékeré, bàbá mi tó jẹ́ tíṣà kì í dá ẹnikẹ́ni lóhùn bí gírámà rẹ̀ kò bá tọ́. Mo rántí ọjọ́ tí ibà dá mi wó, tí mo ní kí wọ́n fún mi lóògùn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ní kí n tún gbólóhùn yẹn sọ lédè Gẹ̀ẹ́sì kí wọ́n tó fún mi. Mo sunkún, àmọ́ mo mọ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ̀yin ọmọ wa tí wọ́n bí sí London, ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí ẹ̀kọ́ yẹn gbé mi dé.

Lẹ́yìn ọdún 2010 díẹ̀ ni. Thamesmead ni mò ń gbé, mò ń tọ́jú àwọn arúgbó nílé wọn. Láràárọ̀ ọjọ́ Tuesday, mo máa ń kọ́ àwọn àjèjì ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́fẹ̀ẹ́ nínú gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Woolwich. Obìnrin Japan méjì wà níbẹ̀. Ọ̀kan ti dàgbà. Èkejì ò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, Glyndon Estate lòun àti ọkọ rẹ̀ ń gbé. "Mummy" lòun náà ń pè mí, bí àwọn ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ṣe ń pè mí.

Ẹ mọ̀ pé nínú Yorùbá, a máa ń dárúkọ nǹkan ká tó sọ ohun tó ṣe é: ife tó fọ́, ife tí ọmọdé fọ́. Àwọn ará Japan ò ṣe bẹ́ẹ̀. Gbogbo àlàyé ni wọ́n máa kọ́kọ́ tò sílẹ̀, bó ti wù kó gùn tó, kí wọ́n tó dárúkọ ife. Gẹ̀ẹ́sì wà láàárín. Bí "broken" bá dá wà, iwájú ló ń wà, "a broken cup". Bó bá kó ọ̀rọ̀ mìíràn dání, ẹ̀yìn ló ń bọ́ sí, "a cup broken by the child". Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la fi wà lórí ìyẹn.

Ní Tuesday kẹrin, mo ní kí kálukú kọ gbólóhùn tirẹ̀. Ọwọ́ òsì ni èyí àbúrò fi kọ tirẹ̀, jẹ́ẹ́jẹ́, torí báńdéèjì wà ní ìka ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, ó sì gbé e wá: "This is the by my husband broken finger."

Inú mi dùn, ẹ gbà mí gbọ́. Àṣìṣe tí mo ti ń retí gan-an nìyẹn. Mo mú bírò pupa, mo kọ ọ́ sókè: "This is the finger broken by my husband."

"Ṣé o rí i? Ẹ̀yìn ló ń lọ."

"Thank you, Mummy."

Ó dúró níwájú mi díẹ̀ sí i. Èyí àgbà gbójú sókè, ó wò mí, ó sì tún wolẹ̀. Mo ní kí ẹlòmíì mú tirẹ̀ wá.

Kò wá lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Lọ́sẹ̀ kejì, èyí àgbà dá wá, kò sì jókòó. Ó ní ọkọ èyí àbúrò ti tì í lulẹ̀ láti orí àtẹ̀gùn, pé ó wà lọ́sibítù, eegun ẹ̀yìn rẹ̀ ti kán.

Àwọn ọlọ́pàá gba ìwé tó kọ gbólóhùn yẹn sí. Nígbà tí ẹjọ́ dé kọ́ọ̀tù tó wà lẹ́bàá ọgbà ẹ̀wọ̀n Belmarsh, wọ́n pè mí ṣe ẹlẹ́rìí. Lọ́yà ìjọba gbé ojú ìwé yẹn sókè, yíǹkì pupa mi wà lórí rẹ̀.

"Madam, kí lẹ ṣe nígbà tí ẹ ka èyí?"

"Mo tún un ṣe."

"Ṣé ẹ bi í léèrè nípa ìka náà?"

"Rárá."

Ọkọ náà lọ sẹ́wọ̀n. Lóde, ìyá èyí àbúrò, tó ti Japan wá, tẹrí ba fún mi, ó ń dúpẹ́ pé mo kọ́ ọmọ òun. Mo bẹ èyí àgbà kó túmọ̀ fún un pé mo ka ọ̀rọ̀ náà, mi ò sì ṣe nǹkan kan. Ìyá náà sọ pé òun náà rí báńdéèjì yẹn nígbà tí àwọn ń pe ara àwọn lórí fídíò fóònù. Ọmọ òun ní ilẹ̀kùn ló há òun lọ́wọ́, òun sì gbà á gbọ́ torí pé ó rọrùn láti gbà. A sunkún. Orí kẹ̀kẹ́ aláìsàn ló ti gbé ọmọ rẹ̀ padà sí Japan, mi ò sì mọ̀ bóyá ó tún rìn.

Ayé ti yàtọ̀ báyìí. Kíláàsì wa ti tú ká. Ẹni tó bá fẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, fóònù ni yóò tẹ̀, fóònù a sì bá a to ọ̀rọ̀ bó ṣe yẹ, láìbìkítà ohun tí ọ̀rọ̀ náà ń sọ. Àwọn ẹgbẹ́ mi máa ń bú u pé ẹ̀rọ ni, kò mọ èèyàn. N kì í bá wọn dá sí i. Èèyàn lèmi, mo jókòó níwájú ọmọbìnrin yẹn, bí ẹ̀rọ ṣe ń kà á ni mo ṣe ka ọ̀rọ̀ rẹ̀.